Wiki ẹ̀fọ́ Màámi: bí líǹkì pupa 31 ṣe di 5

Màámi ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá rajà níbẹ̀ báyìí ò mọ̀ ju tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lọ. Tí Màámi bá gbé wọ̀rọ̀wọ́ sórí àtẹ, àwọn ọmọge á máa béèrè pé koríko wo nìyẹn. Wọ̀rọ̀wọ́ tí wọ́n ń já bọ̀ láti abẹ́ igi kòkó, tó jẹ́ pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé adùn rẹ̀!

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ló kọ́kọ́ ń kọ ohun tí Màámi mọ̀ sínú fóònù rẹ̀. Nígbà tó fi máa fi hàn mí, ó ti di fáìlì kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ. Ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe ń fọ ewúro níbẹ̀ á fa ojú fóònù lọ, á fà á bọ̀, títí á fi sú u. Mo ní kó jẹ́ ká sọ ọ́ di wiki, kí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀, ká sì fi líǹkì so wọ́n mọ́ra. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1995 ni Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, gbé wiki àkọ́kọ́ jáde. Èdè Hawaii ló ti mú orúkọ rẹ̀: "wikiwiki" ni wọ́n ń pe kíákíá lọ́dọ̀ tiwọn. Ó sì yá lóòótọ́, torí àmì bíi mélòó kan tí ẹ máa fi sára ọ̀rọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣe irú rẹ̀ ni mo kọ èyí fún, nítorí pé àmì orí àti àmì ìdí lẹ́tà ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà wa.

Ohun èlò àti owó

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ní RAM 4GB. XAMPP (tó ń sọ láptọ́ọ̀pù di sáfà) àti MediaWiki (ètò tó ń ṣe wiki gan-an), ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fóònù méjì. Ìwé kékeré kan tí mò ń kọ àṣìṣe sí. Dáta ₦3,000, epo jẹnẹrétọ̀ ₦5,700, ìwé àti bírò ₦700. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,400. Epo ló jẹ owó jù, torí ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo máa ń ráyè ní ṣọ́ọ̀bù mi ní òpópónà Ọba Adéṣidá, ìrọ̀lẹ́ gan-an ni iná sì máa ń lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é.

1. Gbígbé e sórí láptọ́ọ̀pù

Mo fi XAMPP sí i, mo tú MediaWiki sínú fódà htdocs, mo ṣí i, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè tó béèrè. Yorùbá ni mo mú nígbà tó béèrè èdè. Tí ẹ bá mú Yorùbá, àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú orúkọ ojú-ewé kan á yí padà: Category á di Ẹ̀ka, File á di Fáìlì, Special á di Pàtàkì. Ti Gẹ̀ẹ́sì náà ṣì máa ń ṣiṣẹ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Fóònù àbúrò mi ò rí wiki náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Hotspot kan náà ni fóònù àti láptọ́ọ̀pù wà, síbẹ̀ bó bá ti tẹ àdírẹ́sì, localhost (ìyẹn "orí ẹ̀rọ yìí gan-an") ló máa ń sáré lọ, kò sì sí nǹkan kan ní localhost lójú fóònù. Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Inú LocalSettings.php, fáìlì tí ètò wiki wà, ló wà:

$wgServer = "http://localhost";

Mo fi nọ́ńbà tí hotspot fún láptọ́ọ̀pù rọ́pò rẹ̀:

$wgServer = "http://192.168.43.120";

Ó ṣí. Tí hotspot bá fún láptọ́ọ̀pù ní nọ́ńbà mìíràn lọ́jọ́ kejì, ẹ gbọ́dọ̀ tún un yí.

2. Ojú-ewé àkọ́kọ́: Ewúro

Ohun tí mo tẹ̀ nìyí, lẹ́yìn tí mo ti tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin:

'''Ewúro''' jẹ́ ewé kíkorò tí a fi ń se ọbẹ̀.

== Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ ==
# Ẹ já ewé kúrò lára ọ̀pá rẹ̀.
# Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ gbo ó nínú omi.
# Ẹ da omi kíkorò náà nù, kí ẹ tún un fọ̀.

== Ohun tí a fi ń sè é ==
* [[ẹ̀gúsí]]
* [[irú]]
* [[epo]]

Àmì # ló ń ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ 1, 2, 3. Ìràwọ̀ ń ṣe tò-tò-tò lásán. Àmì ìdọ́gba méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ló ń sọ ọ̀rọ̀ di àkòrí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi sí i, àkòrí mi sì tóbi tó orúkọ ojú-ewé fúnra rẹ̀. Ipò ti orúkọ ojú-ewé ni ẹyọ kan. Orí méjì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lo mẹ́ta fún àkòrí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kejì: mo tẹ Enter lẹ́ẹ̀kan láàrin ìpínrọ̀ méjì, wiki sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ìlà òfìfo kan gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn.

Ẹ̀kẹta: mo dà lára ohun tí àbúrò mi ti kọ sínú fóònù sínú ojú-ewé, ó sì yọ nínú àpótí eérú, lẹ́tà rẹ̀ rí bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, ó gùn kọjá ẹ̀gbẹ́ ojú fóònù. Àyè òfìfo kan ṣoṣo ló wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Wiki gbà pé ẹni tó bá fi àyè síwájú ìlà fẹ́ kó hàn gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Mo pa àyè náà rẹ́, ó bọ́ sípò.

Ẹ̀kẹrin ló gbà mí lákòókò jù. Ọ̀rọ̀ tí èmi bá tẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù ń dúdú kirikiri, èyí tí àbúrò mi tẹ̀ lórí fóònù kì í dúdú. Ohun kan náà la tẹ̀: àmì kékeré òkè mẹ́ta níwájú ọ̀rọ̀, mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó gbé fóònù wá, mo sún ojú rẹ̀ mọ́ ojú láptọ́ọ̀pù. Ti èmi dúró ṣánṣán ('). Tirẹ̀ tẹ̀ bí ìdí ewé (’). Kíbọ́ọ̀dù fóònù ló ń tún un ṣe kó lè dára lójú, wiki ò sì mọ èyí tó tẹ̀ yẹn rárá. A lọ sí ètò kíbọ́ọ̀dù, a pa àtúnṣe àmì náà. Láti ọjọ́ náà, méjì ń mú ọ̀rọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́ta ń mú un dúdú, márùn-ún ń ṣe méjèèjì, lórí fóònù àti lórí láptọ́ọ̀pù.

3. Líǹkì

Àkámọ́ onígun méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ó tán. [[ewúro]] á gbé yín lọ sí Ewúro. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ìbáà jẹ́ kékeré tàbí ńlá, kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n láti orí lẹ́tà kejì lọ, wiki ò gba ìyàtọ̀ kankan. [[Ẹ̀fọ́ Tẹ̀tẹ̀]] àti [[Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀]], ojú-ewé méjì ni lójú rẹ̀. Àbúrò mi ti fi T ńlá kọ ọ́ níbìkan, èmi ti fi kékeré.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó hàn yàtọ̀ sí orúkọ ojú-ewé, ẹ fi igi tó dúró ṣánṣán là wọ́n:

[[Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀|tẹ̀tẹ̀]]

Tí ẹ bá fẹ́ dé ibi àkòrí kan gan-an:

[[Ewúro#Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́|bí a ṣe ń fọ ewúro]]

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ti àkòrí yìí o. Tí ẹnìkan bá yí ọ̀rọ̀ àkòrí padà, líǹkì náà ò ní pọ́n, á kàn gbé èèyàn dé orí ojú-ewé láìdé ibi tó ń lọ. A ti há sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Búlúù ni líǹkì tó bá ní ojú-ewé. Pupa ni èyí tí kò tíì ní, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, á ṣí àyè sílẹ̀ kí ẹ kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pọ̀ sí i: Màámi á dárúkọ gbúre nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bọ̀lọ̀, àbúrò mi á fi àkámọ́ sí gbúre, ọjọ́ kejì a ó tẹ pupa náà, a ó kọ ọ́. Mo fẹ́ràn pupa yìí, ó ń fi iṣẹ́ tó kù han èèyàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú-ewé wa di 38. Mo ṣí Pàtàkì:WantedPages tó máa ń ka gbogbo orúkọ tí líǹkì ń wá tí kò rí. Orúkọ 31 ló jáde. Mo ka orúkọ náà, ẹnu yà mí. Wọ̀rọ̀wọ́ wà níbẹ̀. Ṣọkọ wà níbẹ̀. A ti kọ àwọn yẹn!

4. Wọ̀rọ̀wọ́ méjì

Àbúrò mi wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Bọ̀dá mi, mo kọ wọ̀rọ̀wọ́ lánàá, mo kọ ọ́ dáadáa. Ṣé ẹ ti pa á rẹ́ ni?"

Mo ní mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Mo wá a, mo rí i, ó wà níbẹ̀. Ó wá a lórí fóònù tirẹ̀, ó rí òmíràn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tí mo rí. Ojú-ewé méjì, orúkọ kan náà, lórí wiki tí kì í gba orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo da àdírẹ́sì ojú-ewé méjèèjì kọ láti orí búráúsà sínú Notepad. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Kóòdù ni búráúsà ń sọ lẹ́tà tó ní àmì dà nínú àdírẹ́sì. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nínú tèmi:

W%E1%BB%8D%CC%80

Tirẹ̀:

W%C3%B2%CC%A9

Àmì tó wà ní ìdí lẹ́tà ni wọ́n fi yàtọ̀. Tó tó kékeré, àmì roboto, ni kíbọ́ọ̀dù tèmi ń fi sábẹ́ ọ: ọ̀. Igi kékeré tó dúró ni tirẹ̀ ń fi sábẹ́ rẹ̀: ò̩. Méjèèjì la ti ń rí nínú ìwé Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, ojú wa sì ti mọ́ wọn débi pé a kì í rí ìyàtọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà rí i. U+0323 ni nọ́ńbà tó tó lójú rẹ̀, U+0329 ni ti igi, kò sì sí òfin kankan tó sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: MediaWiki máa ń to àmì orí àti tó tó ìdí fúnra rẹ̀. Tí ẹnìkan bá fi àmì ohùn sí i kó tó fi tó tó sí i, tí ẹlòmíì sì fi tó tó ṣáájú, ojú-ewé kan náà ni wọ́n máa dé. Igi nìkan ni kò bá wọn lọ.

Mo jókòó ti orúkọ 31 náà pẹ̀lú ìwé mi, mo pín wọn. Igi ìdí ló fa 14. Àmì ohùn tí a ò fi sí i, tàbí tí a ṣì fi, ló fa 9. Lẹ́tà ńlá tí a fi sáàrin orúkọ fa 3. Márùn-ún péré ni ẹ̀fọ́ tí a ò tíì kọ lóòótọ́.

A fẹnu kò pé tó tó la máa lò níbi gbogbo. Àbúrò mi yí kíbọ́ọ̀dù fóònù rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà.

5. Àtúnṣe

Mo tan Replace Text, irinṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn níbi gbogbo, tó ti wà nínú àpò MediaWiki tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan nínú LocalSettings.php:

wfLoadExtension( 'ReplaceText' );

Lẹ́yìn náà ni mo ń fi àmì oní-tó-tó rọ́pò oní-igi níkọ̀ọ̀kan. E mẹ́ta, láìsí àmì ohùn, pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ti òkè; O mẹ́ta bẹ́ẹ̀; S kan. Meje kékeré, meje ńlá, ìgbà 14 ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ṣe é nínú ọ̀rọ̀ àti nínú orúkọ ojú-ewé.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo tẹ bọ́tìnì, nǹkan kan ò yí padà. Mo tún un tẹ̀. Kò yí. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Orí ìlà ló to iṣẹ́ náà sí, ó sì ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ bí ẹnìkan bá ti ń ṣí ojú-ewé. Èmi nìkan ló wà lórí wiki náà, ta ni ì bá ṣí i? Mo ṣí fódà wiki nínú Command Prompt, mo tẹ:

php maintenance/run.php runJobs

Gbogbo rẹ̀ sáré kọjá láàrin ìṣẹ́jú kan.

Orúkọ mẹ́rin ló kọ̀ tí kò yí, torí ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́ ti wà níbẹ̀. Àwọn méjì-méjì wa nìyẹn, wọ̀rọ̀wọ́ wà lára wọn. Ọwọ́ ni mo fi da ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, mo sì fi àtúnjúwe, ìyẹn ìlà tó ń darí èèyàn lọ sí ojú-ewé mìíràn, sí èyí tó ṣẹ́ kù. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mò ń dà á pọ̀, torí ohun tí àbúrò mi gbọ́ lẹ́nu Màámi yàtọ̀ sí ohun tí èmi gbọ́. Òun ló kọ pé ọ̀pá wọ̀rọ̀wọ́ náà ṣeé jẹ. Èmi ti gbàgbé ìyẹn.

Àṣìṣe tó burú jù, èmi ni mo ṣe é. Inú mi ti ń dùn sí Replace Text, mo wá ní kó fi "ewúro" rọ́pò "ewuro" níbi gbogbo. Fọ́tò 11 pòórá lójú ẹsẹ̀. Orúkọ fáìlì wọn ni ewuro1.jpg, ewuro2.jpg, mi ò fi àmì sí wọn nígbà tí mò ń gbé wọn sókè. Replace Text ti yí líǹkì wọn sí ewúro1.jpg, tí kò sí níbìkankan. Mi ò sì ṣe ẹ̀dà kankan pamọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ìtàn ojú-ewé ló gbà mí: mo ń ṣí i níkọ̀ọ̀kan, mo ń dá a padà sí bó ṣe wà. Epo jẹnẹrétọ̀ lítà méjì tán lórí ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ sórí flash kí n tó fọwọ́ kàn án.

Fún àwọn 9 tí àmì ohùn fà, àtúnjúwe ló tọ́. Ẹni tó ń wá nǹkan lórí fóònù kì í sábà fi àmì sí i, kò sì yẹ ká lé e padà. Nítorí náà, orúkọ tó ní àmì pípé ni ojú-ewé gan-an ń jẹ́, èyí tí kò ní àmì á kàn júwe ọ̀nà. Ìlà kan péré ni, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo lójú-ewé:

#REDIRECT [[Amúnútutù]]

Ibi tí mo ti kọsẹ̀: mo júwe Amunututu sí Amúnú tutù, Amúnú tutù sì tún ń júwe sí Amúnútutù. Wiki kì í rìn ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ó dé ojú-ewé àárín, ó dúró síbẹ̀. Pàtàkì:DoubleRedirects ka gbogbo irú rẹ̀ fún mi, mo sì júwe wọn tààrà.

Ẹ̀ka ò gba àkókò. Ẹ fi [[Ẹ̀ka:Ẹ̀fọ́]] sí ìdí ojú-ewé, á bọ́ sínú àkójọ. Tí ẹ bá fẹ́ kí líǹkì ẹ̀ka náà hàn láàrin ọ̀rọ̀, ẹ fi tó tó méjì ṣáájú rẹ̀, [[:Ẹ̀ka:Ẹ̀fọ́]], àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní rí i níbi tí ẹ kọ ọ́ sí.

6. Ọjà Ọba, ọjọ́ Sátidé

A gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ìdí àtẹ Màámi. Mo ń tẹ̀ ẹ́, Màámi ń wò ó, àbúrò mi ń kà á sókè. A dé ojú-ewé wọ̀rọ̀wọ́, ìlà tó sọ pé kí èèyàn ṣọ́ra kó má já èpò mọ́ ọn. Mo tẹ líǹkì náà, búlúù ni. Ìgò epo pupa ló yọ.

Màámi sún mọ́ ọn. "Kí lepo ń ṣe níbẹ̀? Èpò ni mo sọ fún yín, èyí tó ń hù láàrin ẹ̀fọ́. Ẹ fẹ́ kí wọ́n ka koríko sínú ọbẹ̀ ni?"

Àbúrò mi ti kọ [[epo]], ó gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ méjì. Níwọ̀n ìgbà tí ojú-ewé Epo ti wà, wiki ò rí ohun tó burú, kò pọ́n, kò wọ inú àkójọ kankan. Mo ti ń yọ̀ pé pupa ti dín kù láìmọ̀ pé búlúù náà lè ṣini lọ́nà, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì máa sè jẹ. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

A ò mọ irinṣẹ́ kankan tó lè bá wa rí irú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ méjì la fi tẹ gbogbo líǹkì búlúù níkọ̀ọ̀kan, àbúrò mi ń pe ọ̀rọ̀, mo ń wo ibi tó gbé wa dé. A rí méjì sí i. Mo kọ ojú-ewé Èpò, mo sì fi ìlà kan sórí Epo:

:''Fún koríko tó ń hù láàrin ẹ̀fọ́, ẹ wo [[Èpò]].''

Bó ṣe wà báyìí

Ojú-ewé 46, láìka àwọn àtúnjúwe. Ní Pàtàkì:WantedPages, orúkọ márùn-ún, ojúlówó ni gbogbo wọn. Marúgbó ló wà lókè pátápátá, ojú-ewé mẹ́fà ló ń wá a. Màámi ní ọwọ́ àwọn ará Ìkálẹ̀ ni àlàyé rẹ̀ wà, àwọn ò ní sọ ohun tí àwọn ò mọ̀. Obìnrin kan máa ń gbé e wá láti Òkìtìpupa ní òwúrọ̀ Sátidé. Àbúrò mi ti gba àyè sílẹ̀ lórí fóònù, mo ti fi orúkọ náà sínú ìwé mi pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí a lè bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn ká tó fi àkámọ́ sí i.